Bí a ṣe ń fi ìwé àti pẹ́ńsù tú DNA sí purotéènì

Ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì ń gbà láti inú DNA, okùn tí ìtọ́ni ara wà lórí rẹ̀, bọ́ sínú RNA, àdàkọ rẹ̀, kí ó tó wá ti ibẹ̀ di purotéènì, kì í ṣe ohun tí a kàn ní láti gbà gbọ́ láti ẹnu olùkọ́. A lè fi ọwọ́ ara wa ṣe é lórí ìwé, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, kí ìdáhùn wa sì bá ti sẹ́ẹ̀lì mu rẹ́gí. Ohun tí ẹ nílò kò ju ìwé kan àti pẹ́ńsù tó ní rọ́bà ìparẹ́ lẹ́yìn lọ. Ojúlówó jíìnì, ìyẹn apá DNA tí ó ní ìtọ́ni fún purotéènì kan, ni a ó lò, èyí tí ó wà lórí kírómósómù (ìdì DNA inú sẹ́ẹ̀lì) kọkànlá, tí ó ń darí bí ara ṣe ń ṣe beta-globin, ọ̀kan nínú àwọn okùn tí ó para pọ̀ di hemoglobin, purotéènì pupa tí ó ń gbé ọ́síjìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ohun kan wà tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú sẹ́ẹ̀lì tí ó ń kàwé. Gbogbo ohun tí a ó máa pè ní kíkà àti títúmọ̀ níhìn-ín, ìbámu lásán ni. Nǹkan kan ń wá èkejì rẹ̀ tí ó bá a mu, bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń bá àgádágodo tirẹ̀ mu, kọ́kọ́rọ́ kò sì mọ ohun tí ó wà nínú yàrá.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ àwọn lẹ́tà

Lẹ́tà mẹ́rin péré ni DNA ní: A, T, G àti C. Okùn DNA méjì ni ó máa ń lọ́ mọ́ra wọn, gẹ́gẹ́ bí James Watson àti Francis Crick ṣe fi hàn ní ọdún 1953, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwòrán X-ray tí ó ti inú iṣẹ́ Rosalind Franklin jáde. Níbikíbi tí A bá wà lórí okùn kan, T ni yóò kọjú sí i lórí okùn kejì; níbi tí G bá wà, C ni. Ìdí rẹ̀ ni pé ìdè méjì ni A àti T fi ń di ara wọn mú, nígbà tí ìdè mẹ́ta wà láàárín G àti C, nítorí náà A kò lè dì mọ́ C dáadáa bí ó tilẹ̀ fẹ́.

RNA jọ DNA púpọ̀, àmọ́ okùn kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń jẹ́, kò sì ní T rárá. U ni ó fi rọ́pò rẹ̀, U yìí sì ni ó máa ń bá A mu.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ kọ okùn àwòkọ sílẹ̀

Okùn àwòkọ ni okùn DNA tí a ó ti da RNA kọ. Ẹ da èyí kọ sórí ìwé yín, kí ẹ sì fi àyè tó pọ̀ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀:

3' TAC CAC GTA GAC TGA GGA CTC CTC TTC AGA 5'

Àlàfo tí ẹ rí láàárín àwọn lẹ́tà náà, nítorí ojú wa ni mo ṣe fi í síbẹ̀. Kò sí irú rẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì. Àmì 3' àti 5' jẹ́ orúkọ ìpẹ̀kun okùn méjèèjì. Láti 3' lọ sí 5' ni ẹ̀rọ tí ń ṣe àdàkọ máa ń rìn lórí okùn yìí, mo sì ti kọ ọ́ lọ́nà tí a ó fi lè kà á láti òsì sí ọ̀tún láìfi orí wa rú.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ṣe àdàkọ rẹ̀ sí RNA

Lábẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ èkejì rẹ̀: U sábẹ́ A, A sábẹ́ T, C sábẹ́ G, G sábẹ́ C. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìṣe ni abẹ́ A, nítorí ọwọ́ ti mọ́ T jù. Bí ẹ bá ṣe é dáadáa, ohun tí yóò wà níwájú yín nìyí:

5' AUG GUG CAU CUG ACU CCU GAG GAG AAG UCU 3'

Nínú kóró sẹ́ẹ̀lì, ẹ́ńsáìmù (purotéènì tí ń ṣe iṣẹ́ kẹ́míkà) tí wọ́n ń pè ní RNA polymerase ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí ẹ ṣe tán yìí. Ó máa ń ya okùn DNA méjèèjì sọ́tọ̀ fún ìwọ̀nba díẹ̀, á jẹ́ kí lẹ́tà RNA tí ó bá mu wá jókòó, á so ó mọ́ èyí tí ó ṣáájú, á sì sún síwájú. DNA á tún padà dì mọ́ra lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé tí a dà kọ jáde yìí ni RNA ìránṣẹ́, tí wọ́n ń kọ ní mRNA.

Bí ẹ bá fẹ́ yẹ iṣẹ́ yín wò, ẹ kọ okùn DNA kejì, èyí tí ó kọjú sí okùn àwòkọ. Ẹ ó rí i pé ó bá RNA yín dọ́gba ní gbogbo ọ̀nà, àyàfi pé T wà níbi tí U wà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Gígé àti síso

Èyí kò ní gbà wá lákòókò, nítorí pé apá tí a mú nínú jíìnì náà kò nílò gígé. Ṣùgbọ́n jíìnì beta-globin lódindi ní nǹkan bí lẹ́tà 1,600, bẹ́ẹ̀ ni mRNA rẹ̀ tí ó ti parí kò ju ẹgbẹ̀ta ó lé díẹ̀ lọ. Apá méjì ni sẹ́ẹ̀lì máa ń gé sọnù nínú àdàkọ àkọ́kọ́, tí á sì so apá mẹ́ta tí ó kù pọ̀. Ọdún 1977 ni Richard Roberts àti Phillip Sharp, tí olúkúlùkù wọn ń ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀, fi hàn pé irú gígé bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni mRNA máa ń gba ihò ara kóró sẹ́ẹ̀lì bọ́ síta.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ wá AUG, kí ẹ sì pín lẹ́tà ní mẹ́ta-mẹ́ta

Ẹ wá ibi tí AUG ti kọ́kọ́ jáde, kí ẹ fa ìlà sí ìdí rẹ̀. Tiwa ti wà níbẹ̀rẹ̀, àmọ́ nínú ojúlówó mRNA, àwọn lẹ́tà kan máa ń ṣáájú rẹ̀ tí ríbósómù, ẹ̀rọ kékeré tí ń hun purotéènì nínú sẹ́ẹ̀lì, yóò fò kọjá. Láti AUG lọ, ẹ máa pín àwọn lẹ́tà ní mẹ́ta-mẹ́ta láìfo ìkankan. Mẹ́ta kọ̀ọ̀kan ni kódọ̀n kan.

Kí ló dé tí kì í ṣe méjì-méjì? Ẹ ṣírò rẹ̀. Ogún ni oríṣi amínò ásíìdì tí a fi ń hun purotéènì. Bí ó bá jẹ́ lẹ́tà méjì, mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 16, kò tó. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta, ó di 64, ó sì ṣẹ́ kù.

Ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ pípín ṣe pàtàkì ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Ẹ wo gbólóhùn yìí tí mo yọ àmì ohùn kúrò lórí rẹ̀: IYA WỌN RAN ADE. Ẹ yọ Y nìkan kúrò, kí ẹ sì tún un pín ní mẹ́ta-mẹ́ta: IAW ỌNR ANA DE. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó lọ, gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì dàrú. Bákan náà ni ó rí nínú jíìnì, ìdí sì nìyí tí lẹ́tà tí ó sọnù fi sábà máa ń ba purotéènì jẹ́ ju lẹ́tà tí wọ́n kàn pààrọ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ túmọ̀ kódọ̀n kọ̀ọ̀kan

Níhìn-ín ni a nílò àtẹ kódọ̀n, èyí tí ó ń fi amínò ásíìdì tí kódọ̀n kọ̀ọ̀kan ń pè hàn. Ní ọdún 1961, Marshall Nirenberg àti Heinrich Matthaei fi RNA tí kò ní ju U nìkan lọ sínú omi tí wọ́n fún láti inú sẹ́ẹ̀lì bakitéríà. Purotéènì tí ó jáde kò ní ju oríṣi amínò ásíìdì kan, phenylalanine, lọ. Wọ́n ti mọ ohun tí UUU jẹ́ nìyẹn. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1966, àtẹ náà ti kún: kódọ̀n 61 ń pe amínò ásíìdì, mẹ́ta tí ó kù, UAA, UAG àti UGA, ń dá iṣẹ́ dúró.

Nínú tiwa, AUG jẹ́ methionine, GUG jẹ́ valine, CAU jẹ́ histidine, CUG jẹ́ leucine, ACU jẹ́ threonine, CCU jẹ́ proline, GAG jẹ́ glutamic acid, AAG jẹ́ lysine, UCU sì jẹ́ serine. Ẹ kọ wọ́n tẹ̀lé ara wọn sábẹ́ RNA náà. GAG jáde lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà ẹ kọ glutamic acid lẹ́ẹ̀mejì.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ fi alábàárù sí i

Àtẹ tí a lò yẹn, sẹ́ẹ̀lì kò ní irú rẹ̀ tí ó lẹ̀ mọ́ ògiri níbì kan. RNA kékeré kan, tRNA, tí mo máa ń pè ní RNA alábàárù, ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Lẹ́tà mẹ́ta wà ní ìdí rẹ̀ tí ó bá kódọ̀n mu, amínò ásíìdì kan sì wà ní orí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹrù. Ẹ kọ lẹ́tà ìdí rẹ̀ sábẹ́ kódọ̀n méjì àkọ́kọ́: UAC fún AUG, CAC fún GUG. Ríbósómù á di mRNA mú, alábàárù tí ó bá mu á wọlé, ẹrù rẹ̀ á so mọ́ okùn tí ó ń gùn sí i, alábàárù á sì jáde lọ lọ́wọ́ òfo.

Ta wá ni ó gbé ẹrù lé alábàárù lórí? Ẹ́ńsáìmù kan ni, amínò ásíìdì kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Lójú tèmi, ibí yìí gan-an ni ìtumọ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, kì í ṣe inú ríbósómù. Ẹ̀rí rẹ̀ wà láti ọdún 1962, nígbà tí François Chapeville àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú alábàárù tí ó ti ru cysteine, tí wọ́n sì fi kẹ́míkà sọ cysteine náà di alanine lórí rẹ̀. Ríbósómù gba alanine yẹn, ó sì fi í síbi tí cysteine yẹ kí ó wà. Lẹ́tà ìdí ni ó bá mu; ríbósómù kò bojú wo ẹrù.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ parí okùn náà

Ìparí apá tí wọ́n ń túmọ̀ nínú mRNA yìí nìyí: AAG UAU CAC UAA. Lysine, tyrosine, histidine, ó parí. Kò sí alábàárù tí ó bá UAA mu. Purotéènì kan ni ó máa ń wọlé dípò rẹ̀, tí á sì já okùn náà kúrò. Amínò ásíìdì 147 ni ó jẹ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì á gé methionine iwájú kúrò, á ku 146. Okùn náà á ká ara rẹ̀ kò, méjì irú rẹ̀ á sì dara pọ̀ mọ́ okùn méjì mìíràn tí wọ́n ń pè ní alpha láti di hemoglobin kan.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ẹ pa lẹ́tà kan rẹ́

Ẹ padà sí okùn àwòkọ, sí ẹyọ keje, CTC. Ẹ pa T àárín rẹ́, kí ẹ fi A síbẹ̀, kí ẹ sì tún gbogbo ìgbésẹ̀ ṣe. CAC á mú GUG wá nínú RNA, glutamic acid á sì di valine. Ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ yẹn ni hemoglobin S, tí ó ń fa àrùn fòníkú-fọ̀ladìde fún ẹni tí ó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 1949 pé hemoglobin àwọn aláìsàn náà yàtọ̀. Vernon Ingram ni ó wá tọ́ka sí amínò ásíìdì kan ṣoṣo yìí ní 1957. Ipò kẹfà ni àwọn ìwé sábà máa ń kà á sí, nítorí methionine tí wọ́n ti gé.

Glutamic acid fẹ́ràn omi, valine ń sá fún un. Nígbà tí hemoglobin S bá ti já ọ́síjìn rẹ̀ sílẹ̀, valine yẹn á wá kòtò kékeré kan lára hemoglobin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti fara pamọ́ sí, òmíràn á tún dì mọ́ ìyẹn, títí wọn ó fi di okùn gbọọrọ tí ó ń tẹ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa bí dòjé. Bẹ́ẹ̀, ẹ tún ìwé yín wò: RNA polymerase kò ṣìṣe, alábàárù tí ó ní CAC ní ìdí kò ṣìṣe, ríbósómù náà kò ṣìṣe.

Ẹ wá dá T yẹn padà, kí ẹ sì pààrọ̀ C tí ó kẹ́yìn nínú CTC sí T. RNA á di GAA. Ẹ wò ó nínú àtẹ: glutamic acid náà ni.