Bí Ìdí Ìbọn Ṣakabùlà Bá Bàjẹ́ Lọ́wọ́ Yín: Èyí Tó Ṣeé Tún Ṣe àti Èyí Tí Kò Ṣeé Tún Ṣe

Òkun o, ẹ̀yin ọdẹ àti àgbẹ̀ wa ní Kàbà, Bùnú, Ìjùmú, Mopa àti Yàgbà.

Ọ̀pọ̀ ìbọn tí a fi ń lé ọ̀bọ lóko àgbàdo, tí a fi ń ṣọ́ ọ̀yà lóko gbágùúdá, irin rẹ̀ ti dàgbà ju ẹni tó ni ín lọ. Igi ìdí rẹ̀ ló ń kú, òun la sì ń pààrọ̀. Irin jẹ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ìwé yìí kò sì ní dá sí i. Igi nìkan la ń bá wí, àgàgà igi tí ṣíṣẹ́lì ti yẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ní ìbọn, kó ní ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ́wọ́. Òfin kò yọ ṣakabùlà sílẹ̀.

Kí ọwọ́ tó kan igi

Ẹ ti ọ̀pá ìkìbọn bọ ẹnu irin títí yóò fi dúró. Ẹ fi èédú sàmì sí ara ọ̀pá níbi tó ti bá ẹnu irin dọ́gba. Ẹ fà á yọ, kí ẹ tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin lóde, kí àmì èédú wà ní ẹnu irin gan-an. Bí orí ọ̀pá bá dé ibi ihò tí iná ń gbà wọlé, òfo ni. Bí ó bá kù díẹ̀ kó débẹ̀, bó ṣe ìka méjì péré, nǹkan wà nínú rẹ̀. Ẹ má ṣiṣẹ́ kankan lórí rẹ̀. Ẹ kọ ẹnu rẹ̀ síbi tí kò séèyàn, kí ẹ pe alágbẹ̀dẹ tó mọ̀ ọ́n tú wá. Ìbọn tí bàbá fi kọ́ sára ògiri láti ọdún pípẹ́ ló máa ń ní ẹ̀tù nínú jù.

Nígbà tó bá dájú pé òfo ni, ẹ tú irin àti ẹ̀rọ kúrò lára igi pátápátá.

Ẹ má da àjákù igi nù

Igi apá ni mo fi gbẹ́ ìdí ìbọn mi àkọ́kọ́. Níbi tí mo ti ń gbẹ́ ibùsùn irin, kòtò gígùn tí irin máa sùn sí, mo tẹ̀lé òdì kejì ìlà pẹ́ńsù, kòtò náà sì fi bíi mìlímítà 2 fẹ̀ ju irin lọ. Irin ń mì nínú rẹ̀ bí eyín ọmọ ọdún méje. Mo wá àjákù apá tí màá fi dí i, àṣé ìyàwó mi ti fi se ọbẹ̀. Ìrókò ni mo fi bù ú. Apá pọ́n, ìrókò rẹ́súrẹ́sú. Títí di òní, ẹni tó bá rí ìbọn náà kọ́kọ́ máa ń bi mí pé kí ló ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nítorí náà, gbogbo ohun tí ayùn bá gé kúrò lára igi yẹn, ẹ kó o sínú àpò títí iṣẹ́ yóò fi parí.

Bí ibùsùn bá fẹ̀ jù, ẹ fi ìfági fá pẹlẹbẹ tínínrín lára àjákù, kí iṣan rẹ̀, ìlà tó ń lọ gígùn lára igi, bá iṣan ìdí ìbọn lọ. Ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun ti káfíńtà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kòtò. Ẹ fi àbẹ́là pa irin, ẹ fi ọ̀rá wé e kó má baà lẹ̀, kí ẹ tẹ́ ẹ sínú kòtò, kí ẹ fi rọ́bà túùbù kẹ̀kẹ́ dì í pinpin. Irin yẹn fúnra rẹ̀ ló máa tẹ pẹlẹbẹ náà mọ́lẹ̀. Ó di ọjọ́ kejì kí ẹ tó tú u.

Lẹ́yìn èyí, ẹ po dúdú ìdí ìkòkò mọ́ epo díẹ̀, ẹ fi pa abẹ́ irin, ẹ tẹ́ ẹ, ẹ gbé e. Ibi tó bá dúdú lára igi ni irin ti ń kàn; ibẹ̀ nìkan ni kí ẹ fá. Títẹ́ àti gbígbé yìí lè tó ogún ìgbà. Ẹ má kánjú. Ẹ má sì ṣe é kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ, torí epo àti gọ́ọ̀mù kì í ṣọ̀rẹ́.

Àbùlẹ̀ lójú òde

Bí èérún bá ta lára igi, ẹ wá a nílẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ padà lójú ẹsẹ̀, kò sí ẹni tó máa mọ̀. Bí ó bá sọnù, ẹ bu àbùlẹ̀.

Ẹ gé àbùlẹ̀ kí ẹ tó gbẹ́ ibi tó máa wọ̀ lára igi. Ìdàkejì ni ọ̀pọ̀ ń ṣe. Ẹ jẹ́ kó rí bí ọkọ̀ ojú omi, kí orí méjèèjì ṣe ṣonṣo, torí ìlà tó bá bá iṣan lọ máa ń sá pamọ́, èyí tó dábùú iṣan ló máa ń hàn. Ẹ gbé e lé ojú igi, ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ mímú yí i ká, kí ẹ wá gbẹ́ inú ìlà ọ̀bẹ náà. Ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Kí àbùlẹ̀ yọ sókè díẹ̀, kí ẹ fá a bá ojú igi nígbà tó bá gbẹ.

Àwọn kan máa ń po iyẹ̀fun ayùn mọ́ gọ́ọ̀mù. Kò burú fún ojú ìlà bí irun. Bí ẹ bá fi dí ihò ńlá, yóò hàn nígbà tí ẹ bá fi epo pa igi, torí gọ́ọ̀mù kì í mu epo.

Ibi tí nǹkan kàn tẹ̀ wọlé lásán, tí iṣan kò já, àkísà tútù àti áyọ́ọ̀nù gbígbóná tó. Ooru omi máa gbé e dìde.

Ọrùn ìbọn

Ọrùn ni ibi tínínrín tí ọwọ́ ń dì mú lẹ́yìn ẹ̀rọ. Òun ló ń gba agbára nígbà tí ìbọn bá ta padà, òun náà ló sì sún mọ́ ojú ẹni jù. Ẹ wo iṣan igi níbẹ̀. Bí iṣan bá dábùú ọrùn, tó sì ti sán, ẹ jáwọ́. Kò sí gọ́ọ̀mù tó lè gbà á. Ẹ gbẹ́ òmíràn.

Bí sísán náà bá bá iṣan lọ gígùn, ó ṣeé tún ṣe. Ẹ fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ là á díẹ̀, ẹ ki gọ́ọ̀mù onítúùbù méjì tí à ń pò pọ̀ sí i, ẹ fi òwú fà á síwá sẹ́yìn títí yóò fi jáde lódì kejì, kí ẹ fi rọ́bà túùbù kẹ̀kẹ́ dì í. Lọ́jọ́ kejì, ẹ lu ihò méjì ti mìlímítà 4 ní ìdagun la ojú sísán kọjá, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù ki èèkàn igi kan náà bọ̀ ọ́. Àwọn àgbà ọdẹ máa ń rán awọ ewúrẹ́ tútù yí ọrùn ká lẹ́yìn náà. Bí awọ bá ti ń gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa fún un.

Igi àtijọ́ tó ti mu epo kò ní gba gọ́ọ̀mù. Ẹ kọ́kọ́ fi tínà àwọn tó ń kun ọ̀dà nù ún lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, lóde, níbi tí kò sí iná tàbí sìgá.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, tó ku kí ẹ fi epo pa igi, ẹ rántí pé epo pupa kì í gbẹ lára igi. Epo lìnsíìdì ni kí ẹ rà. Àkísà tí ẹ fi pa á, ẹ má ká a jù sí kọ̀rọ̀ ilé: ó lè gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbiná. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ọgbà lóde kó gbẹ gan-an.