Bí a ṣe ń bá ọmọdé wo Pollyanna

Fíìmù Pollyanna ti ọdún 1960 ni mò ń sọ o, èyí tí Walt Disney gbé jáde, tí Hayley Mills sì ṣe Pollyanna nínú rẹ̀. Mary Pickford ti ṣe tiẹ̀ ní 1920, àmọ́ fíìmù tí kò ní ohùn nìyẹn, àwọn ọmọ àbúrò mi kò lè jókòó tì í. Nítorí náà, ọdún ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó sanwó.

Ẹ pín in sí alẹ́ méjì. 134 ìṣẹ́jú ni, ọmọ ọdún mẹ́fà yóò ti sùn kí wọ́n tó dé ibi tó ṣe pàtàkì. Ilé bàbá oníkanra yẹn, Ọ̀gbẹ́ni Pendergast, ni èmi máa ń dá a dúró sí, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tú àwọn gíláàsì wẹ́wẹ́ ara fìtílà, tí wọ́n so wọ́n mọ́ ojú fèrèsé, tí òṣùmàrè sì dà sára ògiri. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kí oòrùn tó ga, ẹ gbé ife gíláàsì tí omi kún inú rẹ̀ sétí fèrèsé, kí ẹ tẹ́ bébà funfun sílẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bọ́ sí. Ẹ máa sún ife náà díẹ̀díẹ̀ títí àwọ̀ yóò fi yọ. Ìmọ́lẹ̀ máa ń tẹ̀ bó bá gba inú omi kọjá, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní bí tirẹ̀ ṣe ń tẹ̀ tó, òun ló jẹ́ kí wọ́n pínyà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ sún un.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tan fíìmù rárá, ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ là yé wọn. Míṣọ́nnárì ni bàbá Pollyanna. Ọmọ yìí ń retí ọmọláńgidi nínú ẹrù ìtọrẹ tí wọ́n ń kó ránṣẹ́ sí wọn, àmọ́ ọ̀pá tí arọ ń kì sábẹ́ abíyá rìn ni wọ́n bá níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní kó jẹ́ kí inú òun dùn pé òun kò nílò wọn. Bí eré ìdùnnú ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, eré tí ènìyàn fi ń wá ohun tí inú rẹ̀ lè dùn sí nínú ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ sí i. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ òde òní kò rí irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ rí, ẹ fi àwòrán rẹ̀ hàn wọ́n. Ẹ má sọ ìdí rẹ̀.

Ìwàásù Àlùfáà Ford máa ń já àwọn kéékèèké láyà. Karl Malden, òṣèré tó ṣe àlùfáà náà, kò pa ohùn mọ́lẹ̀ rárá lórí àga ìwàásù yẹn. Ẹ kàn sọ fún wọn pé ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ yóò yí padà. Ní ti Ìyáàfin Snow tó ń yan aṣọ tí wọn yóò fi tẹ́ inú pósí rẹ̀ nígbà tí kò tíì kú, ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ló pa èmi náà.

Alẹ́ kejì ni iṣẹ́ wà. Àǹtí Polly, ẹni tó ń tọ́ Pollyanna lẹ́yìn ikú àwọn òbí rẹ̀, ti kọ̀ kó lọ sí bàsáà tí ará ìlú ń ṣe láti kówó jọ fún ilé ọmọ òrukàn. Pollyanna gba ojú fèrèsé àjà, ó sọ̀ kalẹ̀ lára igi, ó lọ. Ó jẹ ẹ̀bùn ọmọláńgidi níbẹ̀. Nígbà tó ń gun igi padà sí yàrá rẹ̀ ló já bọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé e mọ́. Ẹ rí i pé ohun tó ti ń tọrọ láti kékeré dé ọwọ́ rẹ̀, lóru ọjọ́ yẹn kan náà ló sì di ẹni tó nílò ọ̀pá. Fíìmù náà kò yànnàná èyí o. Bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni rántí ọ̀pá ìjọ́sí.

Lẹ́yìn ìyẹn, Pollyanna kò ṣeré ìdùnnú mọ́. Kò fẹ́ gbọ́ ọ. Ẹ má sáré sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ẹ má sì sọ pé “yóò dáa.” Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ àbúrò mi bi mí pé, “Bàdàmọ́sí, ṣé wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni?” Mo ní rárá, ẹsẹ̀ wà, kò kàn gbọ́ràn sí i lẹ́nu ni. Ó tó o. Ẹ má ṣèlérí pé yóò rìn, torí pé ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ abẹ ní Baltimore ni fíìmù fi parí. Ẹni tó bá ń fẹ́ mọ ìyókù, kó lọ ka ìwé Eleanor H. Porter ti 1913, èyí tí wọ́n ti mú fíìmù náà jáde. Níbẹ̀, mọ́tò ló kọlù ú, ó sì padà rìn.

Tí wọ́n bá wá ní àwọn fẹ́ ṣeré náà, òfin tèmi le díẹ̀. Ẹni tí nǹkan bà nínú jẹ́ ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kì í ṣe àgbà tó jókòó tì í. Kí ó kọ́kọ́ sunkún rẹ̀ tán. Ohun tó bá sọ gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́, bó ti wù kó kéré mọ. Bó bá sì jẹ́ ìwọ òbí lo yẹ àdéhùn, má bẹ ọmọ kó wá ohun tí inú rẹ̀ yóò fi dùn, tọrọ àforíjì. Wọn kò mú ẹ̀gbọ́n ẹni tó bi mí léèrè yẹn sínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ló wá ní inú òun dùn pé òun kò ní máa jí ní ìdájí Sátidé mọ́. Mo gbà á wọlé.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti ń kọ àròkọ, ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ tó wà lára ẹ̀gbà ọrùn Pollyanna, èyí tí fíìmù ní Abraham Lincoln ló sọ ọ́. David Swift tó kọ fíìmù náà tó sì darí rẹ̀ ló ronú ọ̀rọ̀ yẹn jọ. Kí wọ́n má kọ orúkọ Lincoln sábẹ́ rẹ̀.