Bí A Ṣe Ń Kó Ènìyàn Sínú Ilé Olódi: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Ń Kọ Ìtàn Àròsọ

Bí mo bá ń ka ìtàn àròsọ tí wọ́n gbé ka ilé olódi ayé àtijọ́, èyí tó ní dírágónì àti oṣó nínú, ilé ìdáná ni mo kọ́kọ́ máa ń wá. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé á kó olóyè kan, ìyàwó rẹ̀, ọmọkùnrin tí ojú rẹ̀ le àti ọmọbìnrin tó kọ ọkọ tí wọ́n yàn fún un sínú ilé gogoro kan, wọ́n á mọ odi yí wọn ká, ó parí. Ta ló se oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ? Ta ló dá iná gbọ̀ngàn kí wọ́n tó jí? A ò gbọ́. Ilé náà á wá dá wáí, òǹkọ̀wé á sì máa sáré wá ogun kiri láti orí kejì, nítorí pé kò sí ohunkóhun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé fúnra rẹ̀.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tó bá gbé ìwé wọn wá fún mi kà ni pé kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ olóyè. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ dání. Agboolé máa ń ní ẹ̀mí nígbà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá di nǹkan kan mú tí ẹlòmíì ò lè ṣe kó má wá a wá: kọ́kọ́rọ́, àṣírí, gbèsè, tàbí ọmọ. Bí ẹ bá ti mọ ohun tí kálukú dì mú, ẹsẹ̀ ìtàn ti bọ́ sọ́nà.

Ẹ ka ẹnu tó ń jẹun

Kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni lórúkọ, ẹ pinnu iye ènìyàn tí ilé náà ń bọ́. Ìwé òfin agboolé kan wà tí olóyè Northumberland ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1512. Ènìyàn 166 ni wọ́n kà sínú agboolé rẹ̀. Olóyè ńlá nìyẹn. Fún olóyè kékeré tó ní odi kan àti abúlé mélòó kan, 30 ti tó. Ẹ mọ bíi 12 nínú wọn dunjú, kí àwọn yòókù máa kọjá lẹ́yìn pẹ̀lú igi ìdáná lórí.

Ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú irú agboolé bẹ́ẹ̀ ní Yúróòpù ìgbà náà, títí dé ìdí ààrò. Alágbàfọ̀, alágbàtọ́ ọmọ àti àwọn obìnrin tó ń dúró ti ìyàwó olóyè ni obìnrin tí a sábà máa ń rí. Ayé tí ẹ̀yin ń dá lè yàtọ̀, ó tiẹ̀ wù mí kó yàtọ̀, ṣùgbọ́n kó jẹ́ pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ yí i padà ni.

Ẹ pín kọ́kọ́rọ́

Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Ilé olódi kì í ṣe ilé kan ṣoṣo. Ẹ̀ka iṣẹ́ tó ń jowú ara wọn ló kún inú rẹ̀. Yàrá búrẹ́dì ní olórí tirẹ̀. Yàrá ọtí ní agbọ́tí. Ilé ìdáná ní olórí alásè. Ilé ẹṣin ní ẹni tó ń pín koríko àti ọkà fún ẹṣin. Yàrá ìṣúra wà lọ́tọ̀, tí aṣọ, àbẹ́là, ata, ṣúgà àti sáfúrónì wà nínú rẹ̀ lábẹ́ àgádágodo, nítorí pé ọ̀nà jíjìn ni èròjà bẹ́ẹ̀ ti ń wá, owó ńlá sì ni. Àlùfáà ní ilé àdúrà tirẹ̀, òun ló sì tún máa ń bá wọn kọ lẹ́tà bí akọ̀wé ò bá sí. Lórí gbogbo wọn ni ìríjú wà.

Ní alaalẹ́, ìríjú àti akọ̀wé á jókòó, olórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan á sì wá ro ẹjọ́ ohun tó ná: búrẹ́dì mélòó, ọtí mélòó, ẹja mélòó, ẹṣin mélòó ló jẹ koríko. Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣì wà. Ti Eleanor de Montfort, ìyàwó olóyè Leicester, ní ọdún 1265 ni mo fẹ́ràn jù. Ogun abẹ́lé ń jà lọ́dún yẹn, ọkọ rẹ̀ ló sì wà nídìí rẹ̀. Nínú ìwé ìnáwó náà a rí i bó ṣe kó agboolé rẹ̀ kúrò ní Odiham ní oṣù kẹfà, tí wọ́n gba Portchester kọjá lọ sí Dover létí òkun. Ní oṣù kẹjọ, wọ́n pa ọkọ rẹ̀ lójú ogun ní Evesham. Iye búrẹ́dì, iye ọtí àti iye ẹṣin lẹni tó kọ ọ́ ń kà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ohun tó ń bọ̀ ò ní lè ka ojú ewé náà kí ọkàn rẹ̀ má lù kìkì.

Ẹ kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ilé tiyín. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó. Ẹ kọ ohun tí wọ́n jẹ, ohun tí wọ́n mu, àlejò tó dé àti iye ẹṣin tó bá a dé. Ẹ tún yan ọjọ́ tí wọn kì í jẹ ẹran. Láwọn ilẹ̀ Kírísítẹ́nì ìgbà náà, ẹja ni wọ́n ń jẹ ní ọjọ́ Ẹtì, àti jálẹ̀ ọjọ́ ààwẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde. Ẹ̀sìn inú ìtàn yín gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìkòkò ọbẹ̀ bákan náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹnu lásán ni.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá fi ènìyàn sídìí kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan. Nínú ilé tí mo ń kọ lọ́wọ́ báyìí, ìríjú ti darúgbó. Òun ló kọ́ olóyè ní ẹṣin gígùn nígbà tó wà lọ́mọdé, òun nìkan sì ló mọ gbogbo gbèsè tó wà lọ́rùn ilé. Ojú rẹ̀ ti ń fọ́, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Akọ̀wé, ọmọ alágbẹ̀dẹ kan láti abúlé, ló ń ka iye owó sí i létí lálẹ́. Ta ló wá ni agbára níbẹ̀? Olóyè rò pé òun ni. Ìríjú rò pé òun ni. Ọmọ alágbẹ̀dẹ tí ò ju ọmọ ọdún 17 lọ lè yí 40 padà sí 400 lóru ọjọ́ kan, kí gbogbo ilé sì wó. N kò tíì mú idà kankan jáde, ìtàn ti ń lọ.

Ẹ má fojú kéré ohun tí òṣìṣẹ́ ń rí mú nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Oúnjẹ, aṣọ ọdọọdún àti ibi ìsùn wà lára owó iṣẹ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, alásè máa ń ní ọ̀rá tó bá yọ́ lára ẹran sísun, àwọn tó ń tọ́jú yàrá máa ń kó kùkùté àbẹ́là. Ẹ jẹ́ kí olóyè tó ń ṣọ́ owó ná pàṣẹ pé kí wọ́n máa dá gbogbo kùkùté àbẹ́là padà. Òfin kékeré bẹ́ẹ̀ lè sọ ọmọkùnrin tó ń sùn lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ di ọ̀tá. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Àwọn ẹbí gan-an

Ẹ wá lè dé ọ̀dọ̀ olóyè báyìí. Mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ kàn béèrè ohun tí kò lè ṣe láìjẹ́ pé ẹlòmíì fọwọ́ sí i.

Ìyá rẹ̀ ló yẹ kí ẹ bi mí léèrè. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, opó olóyè máa ń di ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀ ọkọ rẹ̀ mú títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Bí ìyá náà bá ṣì le, tó sì tún fẹ́ ọkọ mìíràn, àrólé á máa wo ilẹ̀ baba rẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin àjèjì fún ọdún gbọọrọ. Mo fẹ́ràn ìyá bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn. Kò nílò kó burú. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ nìkan ti tó láti da oorun ọmọ rẹ̀ rú.

Ìyàwó olóyè kì í jókòó lójú fèrèsé kó máa ran aṣọ láti àárọ̀ dalẹ́. Bí ọkọ bá lọ sójú ogun tàbí sí ààfin ọba, òun ló ń ṣàkóso, ó ń gbọ́ ẹjọ́, ó sì ń dáàbò bo odi. Ní ọdún 1338, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì dó ti odi Dunbar ní Skọ́tíláǹdì fún nǹkan bí oṣù márùn-ún, Agnes, ìyàwó olóyè ibẹ̀, ló sì dúró gbọn-in, kò jẹ́ kí wọ́n wọlé títí wọ́n fi kógun wọn lọ. Wọ́n ní bí òkúta ogun bá ti ba ara odi, á ní kí àwọn ìránṣẹ́bìnrin rẹ̀ fi aṣọ nu eruku ibẹ̀ lójú àwọn ọ̀tá. Ní Lincoln lọ́dún 1217, Nicola de la Haye ló ni àṣẹ lórí ilé olódi, ó ti dàgbà nígbà náà, kò sì jẹ́ kí àwọn ọ̀tá gbà á.

Àbúrò olóyè: kò ní ilẹ̀, ó ní idà, ó sì ń jẹun lórí tábìlì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn lè dá sílẹ̀.

Ọmọ ẹni, ọmọ ẹlòmíì

Ohun tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ò mọ̀ nìyí: àwọn ọmọ tó ń sáré kiri inú ilé olódi lè má jẹ́ ọmọ ilé náà. Bí ọmọkùnrin olóyè bá tó nǹkan bí ọdún méje, wọ́n sábà máa ń rán an lọ sílé olóyè mìíràn láti kọ́ ìwà àti iṣẹ́. Á máa gbé àwo, á máa bu omi fọwọ́ àgbà. Bó bá tó nǹkan bí ọdún 14, á di ẹni tó ń ru ìhámọ́ra ajagun ẹlẹ́ṣin. Nítorí náà, ìyá ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ, tirẹ̀ sì wà níbi tí kò lè gbọ́ igbe rẹ̀.

Ọmọ òrukàn tún wà. Bí baba bá kú tí àrólé ṣì kéré, olóyè àgbà tí baba náà ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lè gba ọmọ náà sọ́dọ̀, kó máa jẹ èrè oko rẹ̀, kó sì yan ẹni tí yóò fẹ́. Ọmọ yẹn ń jẹun nínú ilé ẹni tó ń jẹ ogún rẹ̀.

Ẹni ìdógò ló wá gbóná jù. Ní ọdún 1152, wọ́n fi ọmọdékùnrin kan, William Marshal, ṣe ìdógò lọ́wọ́ Stephen, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Baba rẹ̀ da àdéhùn. Wọ́n ní àwọn máa so ọmọ náà rọ̀. Ìtàn sọ pé èsì baba ni pé òun ṣì ní òòlù àti owú tí òun lè fi rọ ọmọ tó dára jù ú lọ. Ọba ò lè pa á. Ọmọ kan náà, tí kò ní ilẹ̀, lọ kọ́ iṣẹ́ ogun lágboolé olóyè kan ní Normandy, ó sì di ẹni tó ń ṣàkóso ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí Henry Kẹta jọba lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án ní ọdún 1216. Bí ẹ bá ní ẹni ìdógò nínú ilé, ẹ jẹ́ kó mọ orúkọ gbogbo ajá ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí alásè fẹ́ràn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ìròyìn dé pé baba rẹ̀ ti da àdéhùn.

Ibi ìsùn, ibi ìjókòó, ọ̀rọ̀ ẹnu

Ẹ ya àwòrán ilé lálẹ́. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń sùn sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn, ìránṣẹ́ yàrá ń sùn lẹ́bàá ibùsùn olóyè tàbí lẹ́nu ilẹ̀kùn. Àṣírí ò rọrùn láti pa mọ́ níbẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó lè gbọ́ ohun tí tọkọtaya ń sọ lóru.

Ẹ ya ti ìgbà oúnjẹ náà: ta ló jókòó sí tábìlì òkè, ta ló jìnnà sí i. Ní nǹkan bí ọdún 1240, Robert Grosseteste, bíṣọ́ọ̀bù Lincoln, kọ ìlànà ìṣàkóso ilé fún ìyàwó olóyè kan. Ó gbà á nímọ̀ràn pé kó máa jẹun ní gbọ̀ngàn níwájú gbogbo ènìyàn rẹ̀. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí olóyè yín bá ní kí wọ́n gbé oúnjẹ òun wá sí yàrá, gbogbo ilé gbọ́dọ̀ wo ara wọn lójú.

Ẹ̀yin tó ń fi Yorùbá kọ ọ́ ní ohun èlò kan tí ẹ ò gbọ́dọ̀ fi ṣòfò. Àrólé ọmọ ọdún mẹ́jọ: ṣé “ẹ” ni ìríjú arúgbó ń sọ fún un? Alágbàtọ́ tó fún un lọ́mú lè máa sọ “o” fún un ní yàrá, kó sì yí i sí “ẹ” bí wọ́n bá ti dé gbọ̀ngàn. Ọjọ́ tí ọmọ náà bá dá a dúró ní yàrá pé kó máa sọ “ẹ”, ẹ ò nílò láti ṣàlàyé pé ó ti dàgbà.

Ọmọ ogun, oṣó àti dírágónì

Ọmọ ogun ò pọ̀ tó bí ẹ ṣe rò. Ní ọdún 1404, ọkùnrin 28 péré ló ń ṣọ́ odi Caernarfon ní Wales nígbà tí wọ́n dó tì í, àwọn ọ̀tá ò sì rí i gbà. Adènà ni kí ẹ fún ní ojú ewé púpọ̀.

Ní ti ohun ìyanu, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìnáwó. Bí oṣó bá ń gbé nínú ilé, abẹ́ ta ló wà, àbẹ́là mélòó ló ń gbà lọ́sẹ̀, ṣé àlùfáà gbà kó jókòó sí tábìlì kan náà? Bí dírágónì bá wà nínú ọgbà, àgùntàn tó ń jẹ gbọ́dọ̀ ti inú agbo ẹnì kan wá. Ẹ jẹ́ kí olórí alásè ka àgùntàn mẹ́rin níwájú ìríjú lálẹ́, kó sọ pé ilé ìdáná ò rí ọ̀kankan nínú wọn, kó sì kọ̀ kí wọ́n kọ wọ́n sọ́rùn òun.

Bí ẹ bá ti parí, ẹ mú ẹnì kan nínú àwọn 12 náà, kí àìsàn dá a dùbúlẹ̀ ní ìdájí. Ẹ kọ ohun tó dúró nínú ilé títí di ọ̀sán nítorí pé kò sí níbẹ̀, àti ẹni tó kọ́kọ́ na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìkọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tí àìsí rẹ̀ kò bá dá ohunkóhun dúró, ẹ fún un ní ohun tí yóò dì mú, tàbí kí ẹ yọ ọ́ kúrò.