Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Títún Ámúpù Gìtá Ṣe: Tíránsítọ̀ Tó Jó Kọ́ Ló Fa Ìjóná

Bí àsìkò ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì bá ti ń sún mọ́lé ní Àkúrẹ́ níbí, ámúpù gìtá kì í wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni ẹlòmíì ti tú palẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n ti ra tíránsítọ̀ tuntun, ó ti jó, oníbàárà ti sanwó fún ohun kan náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ámúpù ò sì tíì sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ sídìí iṣẹ́ yìí, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Mo gbà pé ẹ mọ mítà lò, ẹ sì mọ tíránsítọ̀ NPN yàtọ̀ sí PNP.

Àkọ́kọ́: ẹ má tú output, ìyẹn apá tí àwọn tíránsítọ̀ ńlá tó ń ti sípíkà wà, kí ẹ tó mọ̀ pé ibẹ̀ ló ti bàjẹ́. Ámúpù tí iná ń tàn lójú rẹ̀, tí fíúsì rẹ̀ wà digbí, àmọ́ tí kò dún, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó ní ihò méjì tí wọ́n kọ Send àti Return sí. Nínú Return yẹn, ní ọ̀pọ̀ ámúpù, irin pẹlẹbẹ kan wà tó ń jẹ́ kí ohùn kọjá nígbà tí wáyà kankan ò bá sí nínú rẹ̀. Bí eruku àti ọ̀rinrin bá ti jẹ ẹ́, ohùn dúró síbẹ̀. Ẹ fi wáyà gìtá kúkúrú kan so Send mọ́ Return. Bí ohùn bá jáde, output ò ṣe nǹkan kan. Ẹ fọ jáàkì, kí ẹ gbé ẹrù fún olówó ẹ̀. Ẹnìkan gbé irú ẹ̀ wá láti àdúgbò Ìjọ́kà. Wọ́n ti yọ gbogbo tíránsítọ̀ output rẹ̀, wọ́n ti fi áyọ́ọ̀nù bó bọ́ọ̀dù láwọ. Jáàkì ló dọ̀tí.

Èkejì: ẹ má so sípíkà mọ́ ámúpù tí ẹ kò tíì wọn ẹnu rẹ̀ tí sípíkà ń wọ̀. Tíránsítọ̀ ẹ̀gbẹ́ kan tó bá ti bíríìjì, tí iná kàn ń gba inú rẹ̀ kọjá láìsí ìdíwọ́, iná DC tó tó fólítì 35 tàbí 40 ló ń rán lọ tààrà sínú kọ́ìlì sípíkà, kọ́ìlì ò sì ní pẹ́ jó. Ẹ wọn ibẹ̀ láìso nǹkan mọ́ ọn. Bí kò bá kọjá mílífólítì 50, ọkàn yín lè balẹ̀.

Ẹ̀kẹta: ẹ má fi wáyà dí fíúsì. Láéláé.

Ẹ̀kẹrin, èyí tí mo tìtorí ẹ̀ jókòó kọ̀wé: kí èèyàn yọ tíránsítọ̀ output tó jó, kó fi tuntun sí i, kó sì ki ámúpù bọ iná lẹ́sẹ̀ kan náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, ẹ jáwọ́ nínú ẹ̀.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Bí tíránsítọ̀ output bá bíríìjì, òun nìkan kọ́ ló ń kú. Iná gba ẹsẹ̀ base rẹ̀ padà sẹ́yìn, ó gba inú àwọn rẹsítọ̀ kéékèèké, ó bọ́ sára driver, ìyẹn tíránsítọ̀ tó ń darí output. Driver á jó, rẹsítọ̀ á já, ẹ lè má rí dúdú kankan lára wọn. Ẹ wá fi tíránsítọ̀ output 2SC5200 àti 2SA1943 tuntun sí i, ẹ tan iná, “pá!” Owó ti lọ. Ẹ ní ọjà ayédèrú ni wọ́n tà fún yín. Ayédèrú wà lóòótọ́, mo ń bọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ti fi etè sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá.

Èyí tí ẹ kì í wò rárá ni tíránsítọ̀ bias, kékeré kan báyìí, BD139 ló sábà máa ń jẹ́, tí wọ́n fi ṣúkúrù dè mọ́ heatsink, irin tó ń gba ooru lára output. Òun ló ń mú fólítì tó wà láàárín base apá òkè àti base apá ìsàlẹ̀ dúró. Bí heatsink bá ṣe ń gbóná, bẹ́ẹ̀ ló ń fà á wálẹ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan bá já, tàbí tí trimmer ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, rẹsítọ̀ kékeré tí wọ́n ń yí, ti dọ̀tí, apá méjèèjì á ṣílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, iná á gba láti rail òkè, ìyẹn ojú iná pọ́sítíìfù, lọ sí ti ìsàlẹ̀ láìdé ọ̀dọ̀ sípíkà rárá. Kò ní dúró de ẹni tó máa ta gìtá kó tó jó.

Ámúpù ṣọ́ọ̀ṣì kan wá láti ìlú Òǹdó, oníṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti pààrọ̀ tíránsítọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ó máa ń dára ní ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn, á sì kú kí ìwàásù tó parí. Nígbà tí mo ṣí i, tíránsítọ̀ bias ń rọ̀ dirodiro nínú afẹ́fẹ́. Ẹni tó kọ́kọ́ tú u kò dá ṣúkúrù rẹ̀ padà. Heatsink ń gbóná, bias kò mọ̀, kò sì lè fa nǹkan kan wálẹ̀, iná tó ń gba inú output wá ń pọ̀ sí i títí ó fi jó. Ṣúkúrù kan péré! Nítorí ẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ṣe ra odidi tíránsítọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe nìyí. Ẹ yọ gbogbo output, kí ẹ wọn driver, rẹsítọ̀ base, rẹsítọ̀ emitter àti bias lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ pààrọ̀ èyí tó bàjẹ́, kí ẹ tó to output padà. Ẹ wá wá gílóòbù àtijọ́, oníná pupa tó máa ń gbóná, wọ́ọ̀tì 60 tàbí 100, kí ẹ so ó sójú wáyà iná tó ń wọ ámúpù, kí iná gba inú rẹ̀ kọjá. LED kò ṣiṣẹ́ níbí, bẹ́ẹ̀ ni énájì sééfà. Ẹ tan án. Gílóòbù á mọ́lẹ̀ yòò bí kápásítọ̀, ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́, ṣe ń kún, lẹ́yìn náà á rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá ń mọ́lẹ̀ lọ láìrẹ̀, ẹ pa á, ẹ padà síbi wíwọ̀n. Nǹkan kan ṣì ti bíríìjì, àmọ́ kò tíì jẹ owó yín. Tó bá ti rẹ̀ sílẹ̀, ẹ wọn mílífólítì orí rẹsítọ̀ emitter kan. Tó bá jẹ́ 0.33 ohm, mílífólítì 10 jẹ́ nǹkan bíi mílíáńpù 30. Ibi tó kéré jù ni kí trimmer ti bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí ẹ bá sì yọ gílóòbù kúrò ni ẹ ó ṣe é bó ṣe yẹ.

Ọ̀rọ̀ ayédèrú. Ẹ fi píláyà fọ́ èyí tó jó, kí ẹ wo èérún sílíkónì inú rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ayédèrú, ó kéré gan-an sí ti ojúlówó, kò lè gbé iná tí wọ́n kọ sí i lára. Ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò ní rí mọ́.

Tíránsítọ̀ TIP142 kì í ṣe TIP35C o. Ẹsẹ̀ wọn bára mu, àmọ́ Darlington ni TIP142, ìyẹn tíránsítọ̀ méjì nínú ọ̀kan, driver rẹ̀ wà nínú ikùn rẹ̀. Bí ẹ bá sì rí i tí mítà kà láti emitter sí collector rẹ̀ lápá kan, dáíódù inú rẹ̀ nìyẹn, kò bàjẹ́.

Máíkà abẹ́ tíránsítọ̀, awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kì í jẹ́ kí iná rẹ̀ kan heatsink, ẹ má gbàgbé ẹ̀.

Ẹ má fi ẹnu ṣúkúrù-díráífà ṣáátì kápásítọ̀ ńlá. Rẹsítọ̀ 100 ohm, wọ́ọ̀tì 5, ni kí ẹ fi fà á gbẹ.

Ti ámúpù gìtá gan-an: nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹnu négétíìfù sípíkà kò kan ilẹ̀ (ground) tààrà. Rẹsítọ̀ kékeré kan, 0.1 tàbí 0.22 ohm, wà láàárín wọn, tó ń gbé ìròyìn padà sínú ámúpù. Ẹni tó bá so ẹnu négétíìfù yẹn mọ́ ilẹ̀ tan ámúpù jẹ, ohùn rẹ̀ á yí padà. Tí rẹsítọ̀ yẹn bá já, ẹ má wulẹ̀ fi wáyà rọ́pò rẹ̀.

Kí ẹ tó gbé ámúpù fún olówó ẹ̀, ẹ ní kó gbé sípíkà àti wáyà tó ń lò wá. Ámúpù tí wọ́n kọ 4 ohm sí lẹ́yìn lè gbé sípíkà 8 ohm méjì tí wọ́n so lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nígbà tí wọ́n bá fi ẹ̀kẹta kún un nítorí àìsùn, ó ti wálẹ̀ sí bíi 2.7, output tí ẹ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe ló máa san gbèsè ẹ̀. Ẹ fi mítà wọn wáyà náà láàárín ṣóńṣó àti ara jáàkì kan náà, ẹ máa mì ín bí ẹ ṣe ń wọ̀n ọ́n, pàápàá lẹ́nu jáàkì tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ ká. Bí mítà bá pariwo nígbà tí kò sí sípíkà lẹ́nu ẹ̀, ẹ gé orí jáàkì yẹn dànù kí ẹ lẹ òmíràn mọ́ ọn.