Bí Mo Ṣe Fi Excel Rọ́pò Áàpù Tó Ti Ìlẹ̀kùn Mọ́ Àkọsílẹ̀ Mi

Áàpù kan ló sún mi dé ìdí Excel, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ìṣirò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ni mo gbé e sórí fóònù mi, kí n lè máa fi ṣe àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí mi lójoojúmọ́: aago tí mo jókòó, aago tí mo dìde, iye ojú ìwé tí mo kà àti iye ọ̀rọ̀ tí mo kọ. Dọ́là mẹ́rin ni wọ́n ń gbà lóṣù. Nígbà náà, nǹkan bí 460 náírà ni dọ́là kan ní báńkì, nítorí náà n kò ka owó ọ̀hún sí. Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn ni ìjọba tú náírà sílẹ̀ kí ó máa wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà, nígbà tí yóò sì fi di oṣù Kejì ọdún 2024, dọ́là kan ti kọjá 1,400 náírà. Ohun tí mo ń fi owó tí kò tó 2,000 náírà san tẹ́lẹ̀ wá ń gba nǹkan bí 6,000 lọ́wọ́ mi lóṣooṣù, nítorí kí n ṣáà lè fọwọ́ tẹ àmì kan pé mo ṣiṣẹ́ lónìí. Mo dáwọ́ owó dúró. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́tàlá.

Bí ọ̀ràn yóò bá dé, kì í mú ọjọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní kí n kọ ìròyìn ohun tí mo ti ṣe ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Èmi tí n kò pa ọjọ́ kan jẹ láìṣe àkọsílẹ̀ ni mo wá káwọ́ lérí bí ọ̀lẹ. Mo tún san 6,000 kan sí i kí wọ́n lè ṣílẹ̀kùn, ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé kò sí ọ̀nà kankan tí a lè gbà kó àkọsílẹ̀ náà jáde kúrò nínú áàpù ọ̀hún. Bírò ni mo fi da oṣù mẹ́fà kọ sínú ìwé, ọjọ́ kan tẹ̀ lé òmíràn, fún alẹ́ mẹ́ta gbáko. Oṣù méje tó kù wà lọ́dọ̀ wọn títí di òní.

Ìbínú yẹn ni mo bá dé ìdí Excel. Bí a ṣe ń ṣí i àti bí a ṣe ń pín in sí òpó-òpó, n kò ní fi gba àkókò yín, nítorí ẹni tó bá ti ṣe akápò ẹgbẹ́ rí mọ̀ ọ́n. Òpó mẹ́rìnlá ni mo kọ́kọ́ là sílẹ̀, mo sì fi àwọ̀ kùn wọ́n dáadáa. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ó fi sú mi. Mẹ́fà péré ló ṣẹ́ kù: ọjọ́, aago ìbẹ̀rẹ̀, aago ìparí, ojú ìwé tí mo kà, ọ̀rọ̀ tí mo kọ, àti ohun tó dí mi lọ́wọ́. Mo fẹ́ fi òpó keje kún un fún ọjọ́ tí ìwé ìròyìn tí mo ń kà jáde, ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn tí òyìnbó míṣọ́nnárì Henry Townsend ń tẹ̀ ní Abẹ́òkúta láti 1859 títí di 1867 ni mo ń ṣiṣẹ́ lé lórí, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1900 ni Excel ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. Ní tirẹ̀, ayé kò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Townsend ń tẹ̀wé. Mo fi òpó náà sílẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ wákàtí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi padà sọ́dọ̀ àwọn tó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Ládùúgbò wa, òru ni iná sábà máa ń dé, nítorí náà mo lè jókòó ní aago mọ́kànlá alẹ́ kí n sì dìde ní aago kan ààbọ̀ òru. Nígbà tí mo ní kí Excel fi aago ìbẹ̀rẹ̀ yọ kúrò nínú aago ìparí, àmì ##### ló kún àpótí náà, nítorí lójú rẹ̀, aago kan ààbọ̀ kéré sí aago mọ́kànlá. Ìyẹn kò pẹ́ kí n tó yanjú rẹ̀: mo kọ =MOD(C2-B2,1) síbẹ̀, ó sì fún mi ní wákàtí méjì ààbọ̀.

Èyí tó lé mi láré wáyé ní ọ̀sẹ̀ tí mo ṣiṣẹ́ jù lọ láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, àròpọ̀ ọ̀sẹ̀ náà jẹ́ wákàtí 23 àti ìṣẹ́jú 50, inú mi sì dùn débi pé mo fi han ọkọ mi. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo ṣiṣẹ́ fún wákàtí márùn-ún ààbọ̀, mo kọ ọ́ sílẹ̀, àròpọ̀ sì di 5:20. Mo fi kún un, ó dín kù! Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo tún un kọ, 5:20 náà ni. Ní ọjọ́ Àìkú, mo fi wákàtí méjì lé e, ó di 7:20. Mo fi ọwọ́ ṣe ìṣirò náà lórí bébà, wákàtí 31 àti ìṣẹ́jú 20 ló jẹ́. Mo yí àpótí náà padà sí nọ́ńbà lásán, ó kọ 1.305556, mo sì rò pé kọ̀ǹpútà náà ti ya wèrè. Ọmọkùnrin kan ní ìsọ̀ kọ̀ǹpútà gba 5,000 náírà lọ́wọ́ mi, ó yọ Excel kúrò, ó dá a padà, nígbà tí mo délé, 7:20 ṣì ń wò mí lójú.

Àbúrò mi obìnrin, tó jẹ́ akọ̀wé owó, ló gbà mí sílẹ̀ lórí fóònù.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kò ṣi nǹkan kan ṣe,” ó wí. “Aago ògiri ni ẹ ní kí ó máa fi ka iṣẹ́ yín. Bí aago ògiri bá pé wákàtí mẹ́rìnlélógún, ṣé kì í tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni?”

Ó ṣàlàyé pé odidi ọjọ́ kan ni Excel ń kà sí 1, ààbọ̀ ọjọ́ jẹ́ 0.5, wákàtí mẹ́fà sì jẹ́ 0.25. Nítorí náà, ọjọ́ kan àti díẹ̀ ni 1.305556 tí mo pè ní wèrè. Iṣẹ́ mi wà níbẹ̀ láìdín, àpótí náà ló ń fi odidi ọjọ́ kan pamọ́ fún mi. Ó ní kí n tẹ Ctrl àti 1 pọ̀ lórí àpótí àròpọ̀, kí n yan Custom, kí n sì kọ [h]:mm síbẹ̀. Àkámọ́ méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ h yẹn ni gbogbo ìyàtọ̀. 31:20 yọ jáde. Mo pariwo débi pé àwọn ará ilé sáré wọlé, ṣùgbọ́n nígbà tí ayọ̀ náà rọlẹ̀, mo rántí 5,000 náírà tí mo san ní ìsọ̀ kọ̀ǹpútà.

Ká ní mo mọ̀ ni, ìdí àròpọ̀ ni ǹ bá ti kọ́kọ́ yẹ̀ wò: ǹ bá kọ wákàtí ọgbọ̀n tí mo dá sílẹ̀ fúnra mi sínú ìwé náà, kí n wò ó bóyá yóò bá mi kà á pé, kí n tó fi òótọ́ iṣẹ́ mi lé e lọ́wọ́. Mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ nísinsìnyí bí mo bá ṣe ń dìde lórí àga, torí pé ohun tí mo bá dá dúró di òpin ọ̀sẹ̀, irọ́ ni mo máa ń kọ. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo máa ń tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi CSV, irú fáìlì ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà lásán tí oríṣiríṣi ètò lè ṣí láìgba kọ́bọ̀.

Ohun tí ìwé náà fi hàn mí ní oṣù àkọ́kọ́ kò dùn ún gbọ́. Mo kàwé ní ọjọ́ 22, mo kọ nǹkan ní ọjọ́ márùn-ún péré. Mo ti máa ń sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n pé àìsí iná ló ń dá mi dúró, ṣùgbọ́n nínú òpó ohun tó dí mi lọ́wọ́, iná fara hàn ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, fóònù mi sì fara hàn ní ẹ̀ẹ̀mọkànlá. Ó ṣe mí bíi kí n pa òpó náà rẹ́. N kò pa á rẹ́, n kò sì tíì fi han Ọ̀jọ̀gbọ́n.

Àwọn aláàpù náà kò tíì yé ránṣẹ́ sí mi pé àkọsílẹ̀ mi ń dúró dè mí, pé kí n wá san owó. Ìgbàkígbà tí iṣẹ́ wọn bá wọlé nígbà tí mo ń kàwé, mo máa ń kọ ọ́ sínú òpó kẹfà. Ó ti di ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án.