Bí Àgbẹ̀ Ṣe Ń Gba Owó Ìrànwọ́ Iye Irè Oko ní Ìgbèríko Kansas

Ẹni tí ó bá ra oko tàbí tí ó háyà oko ní káúńtì (agbègbè ìjọba ìbílẹ̀) kan ní Kansas, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà níbi tí àlìkámà ti gbilẹ̀, kò ní pẹ́ gbọ́ pé ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà máa ń san owó fún àgbẹ̀ nígbà tí iye owó irè oko lọ́jà bá wálẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n owó náà kì í fúnra rẹ̀ wá, kì í sì í tẹ̀ lé ohun tí àgbẹ̀ gbìn lọ́dún náà bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò. Ètò tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni Price Loss Coverage, tí wọ́n ń pè ní PLC, èyí tí òfin iṣẹ́ àgbẹ̀ ọdún 2014 dá sílẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó ilẹ̀ rárá, ẹ ní kí ẹni tí ó ni ín fi ìwé FSA-156EZ hàn yín. Ọ́fíìsì Farm Service Agency, ẹ̀ka iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún iṣẹ́ àgbẹ̀, tí ó ń bójú tó káúńtì náà ni ó ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Inú rẹ̀ ni ẹ ó ti rí "base acres", ìyẹn iye éékà tí ìjọba kọ sílẹ̀ fún irè kọ̀ọ̀kan nítorí ohun tí wọ́n gbìn sórí oko náà ní àwọn ọdún tí ó ti kọjá. Ẹ ó tún rí iye búṣẹ́ẹ̀lì (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọkà) tí wọ́n kà sí èso éékà kan. Ìgbésẹ̀ yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú mi, nítorí pé oko méjì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ọ̀kan ní éékà àlìkámà tí a kọ sílẹ̀, kí èkejì má ní ẹyọ kan. Bí ẹ bá sì gbin ẹ̀wà sóyà sórí èyí tí ó ní in, éékà àlìkámà ni wọn yóò ṣì fi ṣírò owó yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì náà. Ẹ ó fọwọ́ sí ìwé AD-1026 pé ẹ kò ní ba ilẹ̀ àbàtà jẹ́, ẹ kò sì ní jẹ́ kí àgbàrá wọ́ ilẹ̀ lọ, ẹ ó sì fọwọ́ sí CCC-941 lórí owó tí ń wọlé fún yín. Ẹ yan PLC fún irè náà, ẹ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn lọ́dọọdún kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé, kí ẹ sì fi FSA-578 sọ ohun tí ẹ gbìn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí. Lórí àlìkámà ọdún 2019, iye tí òfin fi ṣe òṣùwọ̀n jẹ́ dọ́là 5.50 fún búṣẹ́ẹ̀lì kan, ìpíndọ́gba iye ọjà jákèjádò Amẹ́ríkà sì jẹ́ dọ́là 4.58. Àlàfo àárín wọn jẹ́ sẹ́ǹtì 92. Bí oko bá ní 100 éékà àlìkámà lórí ìwé, tí wọ́n sì ka èso éékà kan sí búṣẹ́ẹ̀lì 40, ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún éékà náà ni wọn yóò sanwó lé: 0.92 lọ́nà 40 lọ́nà 85, ó di dọ́là 3,128. Ẹ kíyè sí i pé iye tí ẹ̀yin fúnra yín ta àlìkámà yín kò sí nínú ìṣirò náà. Láti irè ọdún 2025, òfin tuntun ti gbé òṣùwọ̀n àlìkámà dé dọ́là 6.35.

Ẹ má fi owó yìí ra ajílẹ̀ tàbí irúgbìn lọ́dún tí ẹ gbìn, nítorí pé oṣù kẹwàá ọdún tí ó tẹ̀ lé ọdún ìkórè ni ó tó lè jáde, lẹ́yìn tí ọdún ọjà, ìyẹn oṣù méjìlá tí wọ́n fi ń ta irè náà, bá ti parí.

Àwọn tí oko wọn ní éékà 10 tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀ lórí ìwé kì í gbà á, àyàfi àwọn àgbẹ̀ tí òfin dá sọ́tọ̀, lára wọn ni àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti àwọn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ológun rí. Bí ẹ bá ń san owó ilẹ̀ tí a dá lé ní owó gidi, ẹ̀yin tí ẹ ń dáko ni ẹ ni owó ìrànwọ́ náà. Bí ó bá jẹ́ pé irè oko ni ẹ ń pín pẹ̀lú onílẹ̀, ẹ ó pín òun náà, nítorí náà ẹ kọ ìpín olúkúlùkù sínú ìwé kí ẹ tó tulẹ̀.