Bí Léèsì Wúrà Bá Ń Ṣe Bí Ẹni Tí Epo Dà Sí

"Ọmọ mi, ṣé epo pupa dà sí wa láṣọ ni?" Bí ìyá ìyàwó ṣe kí mi nìyẹn lọ́jọ́ tí mo fi fídíò ìgbéyàwó tí mo yà ránṣẹ́ sí wọn. Léèsì wúrà ni aṣọ ẹbí, iná gbọ̀ngàn ló mú un pọ́n. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà, mò ń tún un ṣe." Mo fi ìkánjú fa àwọ̀ náà padà sí yẹ́lò. Léèsì bọ́ sípò lóòótọ́, àmọ́ gbogbo àlejò wá dà bí ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe.

Aládùúgbò ni àwọ̀ wúrà àti àwọ̀ ara èèyàn. Ẹni tó bá fa ọ̀kan láìṣọ́ra, á fa ìkejì mọ́ ọn.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí nìyí. DaVinci Resolve, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún fídíò ṣe, ni mo ń lò. Èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ náà ti tó. Lójú ewé Color, ẹ kọ́kọ́ wá ohun tó yẹ kó funfun, bí aṣọ orí tábìlì, kí ẹ máa fa Temp, èyí tó ń mú àwòrán pọ́n tàbí kó dà bíi búlúù, wálẹ̀ títí á fi funfun. Nígbà míì, iṣẹ́ parí síbẹ̀ nìyẹn.

Bí kò bá parí, ẹ tẹ Alt àti S pa pọ̀ kí node tuntun, ìyẹn ìpele àtúnṣe mìíràn, yọ. Ẹ ṣí Curves, kí ẹ mú Hue Vs Hue, ìlà tó ń yí àwọ̀ kan padà sí òmíràn. Ẹ tẹ léèsì náà nínú àwòrán, àmì mẹ́ta á hàn lórí ìlà: ti àárín ni ẹ ó fà, méjì ẹ̀gbẹ́ ni kò ní jẹ́ kó ràn mọ́ àwọ̀ mìíràn. Díẹ̀díẹ̀ o! Ẹ má sún méjì yẹn mọ́ra jù, pàápàá tó bá jẹ́ fóònù ni wọ́n fi ya fídíò. Etí aṣọ á bẹ̀rẹ̀ sí í rí wúruwùru.

Tí ojú èèyàn bá ṣì ń tẹ̀lé aṣọ, ẹ fi Qualifier, ohun tó ń fi àwọ̀ ṣa nǹkan, mú léèsì nìkan lórí node yẹn, kí ẹ fi Window, ìyẹn àlà tí ẹ fà sórí àwòrán, yí i ká. Ẹ tẹ Shift àti H: ohun tí ẹ mú nìkan ló máa ní àwọ̀, yòókù á dà bí eérú. Tí ẹ bá rí imú ẹnìkan níbẹ̀, ẹ dín ohun tí ẹ mú kù.

Ẹ tún tan ìlà awọ ara inú vectorscope, àwòrán róbótó tó ń fi àwọ̀ inú fídíò hàn. Adúláwọ̀ ni o, òyìnbó ni o, ẹ̀bá ìlà yẹn ni awọ máa ń bọ́ sí. Ọrùn ni mo máa ń fi wọ̀n ọ́n, torí àtíkè ti yí tojú padà.

Kí n tó fi ránṣẹ́, orí fóònù ni mo ti ń wò ó kẹ́yìn. Ibẹ̀ ni ìyá ìyàwó yóò ti wò ó.